Ẹsẹ̀ Ló Ń Rántí: Sójà, Kẹ̀kẹ́ àti Ọ̀nà Jíjìn

 

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn sójà tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn láti fi bu ọlá fún iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ìròyìn náà tàn, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé kí ló kan kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ọlá? A ti ní bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Tó bá di ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, gómìnà á gbé òdòdó kalẹ̀, wọn á fun fèrè, wọn á yin ìbọn sókè, wọn á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Àwọn bàbá tó ja ogun á jókòó lábẹ́ ìbòòji, wọn á máa wò. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni mo wá sọ. Òdòdó kì í bi ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ wo gan-an ni sójà ṣe. A lè gbé e kalẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ ohun kan ṣoṣo nípa rẹ̀, kí a sì padà sílé lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ tọ ipa sójà, ó di dandan kó mọ ibi tó ti gbéra, ibi tó sùn, omi tó mu, òkè tó gùn, àti ẹni tó lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní mọ ibi tó yẹ kó yà sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yára sọ ti òde òní. Ní ọdún 2007, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bryn Parry, tó ti fìgbà kan ṣe sójà nínú ikọ̀ Royal Green Jackets kó tó di ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ jẹun, bá ìyàwó rẹ̀, Emma, lọ kí àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn Selly Oak ní Birmingham. Ogun Iraq àti ti Afghanistan ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá lórí ibùsùn, òmíràn kò lẹ́sẹ̀ mọ́, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 25. Tọkọtaya náà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé àwọn á gun kẹ̀kẹ́ láti fi kówó jọ. Èrò kẹ̀kẹ́ yìí ló di ẹgbẹ́ Help for Heroes nígbà tó máa fi di oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà. Ní 2008, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn bá wọn gun kẹ̀kẹ́ la pápá ogun àtijọ́ ilẹ̀ Faransé kọjá, ó sì di àṣà. Owó tí ẹgbẹ́ náà kó jọ ni wọ́n fi kọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ sí Headley Court, níbi tí àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ti ń kọ́ bí ara ṣe ń padà bọ̀ sípò nígbà náà. Ọdún 2010 ni Prince William ṣí i. Parry papò dà ní 2023.

Ti Amẹ́ríkà ṣáájú wọn. Chris Carney, ọkùnrin kan tó ń ta ọtí ní ìpẹ̀kun Long Island, ló gun kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ náà já láti etíkun kan dé èkejì ní 2004, kó lè kówó fún àwọn tó ti ogun bọ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́. Kì í ṣe sójà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àwọn sójà fúnra wọn dara pọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni Heath Calhoun, tí àdó olóró gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lọ lókè orúnkún ní Iraq. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ irú èyí tó gùn. Ó ní táyà mẹ́ta, ìjókòó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, pẹ́dà rẹ̀ wà níwájú àyà, ọwọ́ méjèèjì ló sì ń yí i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Itan ló tóbi jù nínú ẹran ara wa, òun la fi ń gun òkè. Ẹni tó ń fi apá gun òkè, apá yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ itan. Ó ń lọ, ó ń rọra lọ, ẹsẹ̀ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ wà á sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Calhoun náà ló gbé àsíá Amẹ́ríkà níbi ìdíje àwọn abirùn tó wáyé ní Vancouver ní 2010, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà níbẹ̀ nínú eré orí yìnyín.

Mo kan sáárá sí gbogbo wọn. Síbẹ̀, mo ní ohun kan sọ sí i, kí ẹ má bínú. Irú ìrìn-àjò báyìí ń jẹ́ kí a rí ọgbẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Ẹni tó dúró lẹ́bàá títì rí ọkùnrin tí kò lẹ́sẹ̀, àánú ṣe é, ó pàtẹ́wọ́, ó fowó sínú agolo. Kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ fi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àwọn tó ń tọ ipa ọ̀nà kan tí wọ́n mọ ìtàn rẹ̀, tí n óò sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí sọ ti ọ̀nà tó lọ láti Missoula dé St. Louis.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Òkúdù 1897, sójà 20 gbéra ní Fort Missoula, ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, lórí kẹ̀kẹ́. Adúláwọ̀ ni gbogbo wọn, ọmọ ikọ̀ 25th Infantry, ara àwọn tí ìtàn ń pè ní Buffalo Soldiers. Aláwọ̀ funfun ni ọ̀gá wọn, Lẹ́fútẹ́nántì James Moss, ọmọ Louisiana, ẹni tó gbẹ́yìn pátápátá nínú kíláàsì rẹ̀ nígbà tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní West Point ní 1894. (Ẹni tó bá gbẹ́yìn kì í sábà rí ibi tó wù ú yàn.) Dókítà ológun kan, James Kennedy, bá wọn lọ. Oníròyìn kan náà tẹ̀ lé wọn, Edward Boos, ọmọ ọdún 19. Ibi tí wọ́n ń lọ jìnnà tó 1,900 máìlì.

Kí nìdí? Moss gbà pé kẹ̀kẹ́ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Ẹṣin ń jẹ, ó ń mu, ó ń ké nígbà tí a fẹ́ kó dákẹ́, ó sì ń kú. Lọ́dún tó ṣáájú, ó ti kó sójà mẹ́jọ lọ sí Yellowstone lọ bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀gágun Nelson Miles, tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ti fojú rí ìdíje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní New York, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ létí. Ó fọwọ́ sí i.

Ilé iṣẹ́ Spalding ló ṣe kẹ̀kẹ́ náà fún wọn. Igi ni ríìmù ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìgbà yẹn. Ti wọn, irin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi irin kún fọ́ọ̀kì iwájú kó má baà tẹ̀. Kílò 14 àbọ̀ ló wúwo lófìfo. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sí i. Kúbùsù àti ìlàjì àgọ́ ni wọ́n ká mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ níwájú. Àpò awọ líle kan ló wọ àárín ọ̀pá kẹ̀kẹ́, níbi tí orúnkún méjèèjì ń gbà kọjá, oúnjẹ ọjọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀: búrẹ́dì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ẹran inú agolo, ẹ̀wà, kọfí, ṣúgà. Aṣọ ìpààrọ̀ wà níbẹ̀, ìkòkò wà níbẹ̀, irin iṣẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá di í tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 27. Ìbọn kílò mẹ́rin àbọ̀ tún wà lẹ́yìn sójà fúnra rẹ̀, àti ọta 50 ní ìdí. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní jíà tí a ń pààrọ̀ bíi tàwọn ọmọ òde òní. Bó o ṣe wà á ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lo máa wà á lórí òkè. Táyà ń jò lójoojúmọ́, sípókù ń ṣẹ́, ṣéènì ń já. Ọ̀kan nínú àwọn sójà náà, John Findley, ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Chicago, òun ni fòkànáísà ikọ̀. Nígbà tí àwọn yòókù bá na ẹsẹ̀ lálẹ́, òun ṣì jókòó ti táyà.

Òjò ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Ẹrẹ̀ ilẹ̀ Montana ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà ò fi ní yí mọ́. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi igi ha á, wọ́n á tì í díẹ̀, á tún kún. Wọ́n gun àwọn òkè Rocky, yìnyín bá wọn lórí òkè nínú oṣù Òkúdù. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ pápá Little Bighorn kọjá, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀, Lakota àti Cheyenne, ti pa Custer, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan, àti ọmọ ogun rẹ̀ ní 1876. Mo máa ń dúró níbi yìí tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba tó fi baba àwọn sójà wọ̀nyí ṣe ẹrú ló ń fi àwọn náà ṣọ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń bu ọlá fún sójà tí kò bá fẹ́ gbọ́ irú èyí, ìdajì ìtàn ló ń gbọ́.

Yanrìn Nebraska ló le jù. Níbẹ̀, táyà ń rì, oòrùn ń jó, omi tó wà nílẹ̀ sì kún fún iyọ̀ ilẹ̀ tó ń da inú rú. Moss gan-an ṣàìsàn, dókítà ló kó wọn lọ fúngbà díẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó yá ni ojú irin rélùwéè, wọ́n sì gba orí pákó tó wà láàárín irin, gba-gba-gba, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ọwọ́ ń kú tìpìrì lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ibi tó bá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn, kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí wọ́n wọ Missouri, ọ̀nà dára díẹ̀, ojú àwọn èèyàn ni kò dára. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń kó ẹrú ní nǹkan bí ọdún 30 péré ṣáájú ni. Àwọn kan níbẹ̀ kò fẹ́ kí sójà dúdú sùn sórí ilẹ̀ wọn. Ẹ rántí pé aṣọ ìjọba ló wà lọ́rùn wọn, ìbọn ìjọba ló wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n kọjá lọ.

Ọjọ́ 24 oṣù Agẹmọ ni wọ́n wọ St. Louis. Ọjọ́ 41 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, 34 nínú rẹ̀ ni wọ́n fi wà lórí ọ̀nà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ìlú jáde wá pàdé wọn, bí 10,000 èèyàn sì wá wò wọ́n ní Forest Park. Kò sẹ́ni tó tún gùn ún padà. Rélùwéè ló gbé wọn lọ sílé. Moss tún fẹ́ kí wọ́n gùn ún lọ sí San Francisco, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́.

Lọ́dún 1898, ogun Amẹ́ríkà àti Sípéènì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó ikọ̀ 25th lọ sí Cuba, wọ́n sì jà ní El Caney ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Agẹmọ.  

Ẹnìkan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lórúkọ nínú àwọn 20 yẹn. Mingo Sanders ni. Ọmọ South Carolina, ó wọṣẹ́ ológun ní 1881, ó jẹ́ ọmọ ọdún 39 nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ dé St. Louis, òun sì ni sájẹ́ǹtì àgbà wọn. Ojú rẹ̀ kan ò ríran dáadáa mọ́ nítorí ohun tó bú gbàù lójú rẹ̀. Ó ja ogun Cuba. Ó sọ lẹ́yìn náà pé Theodore Roosevelt, tó ń kó ọmọ ogun tirẹ̀ níbẹ̀, bẹ òun pé kí òun fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí ebi ń pa nínú bisikíìtì líle tí sójà ń jẹ, òun sì fún wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Ògún 1906, ìbọn dún ní ìlú Brownsville, ní Texas. Ẹnìkan tó ń ta ọtí kú, ọlọ́pàá kan fara gbọgbẹ́. Àwọn ará ìlú ní àwọn sójà dúdú tó wà ní Fort Brown ló ṣe é, ikọ̀ 25th kan náà. Àwọn sójà ní àwọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ẹjọ́. Roosevelt, tó ti di ààrẹ, fi gègé kan lé 167 nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìní ọlá, láìní owó ìfẹ̀yìntì. Sanders wà nínú wọn. Ó ti lo ọdún 25 lẹ́nu iṣẹ́, díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀ ló gba búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀. Sanders kú ní 1929, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú àwọn sójà ní Arlington.

Ọdún 1972 ni ilé iṣẹ́ ológun tó sọ pé àṣìṣe ni, pé àwọn ti dá orúkọ rere wọn padà. Fún ta? Dorsie Willis, bàbá arúgbó tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún nu bàtà fún àwọn èèyàn ní Minneapolis, lẹni tí wọ́n rí fún ní $25,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù gba ìwé ọlá nínú sàréè.

Ìgbà tí mo bá ro èyí ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ máa ń wú mi lórí. Ní 1974, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì Montana gun kẹ̀kẹ́ tọ ipa àwọn sójà náà. Ní 2022, tó pé ọdún 125, Erick Cedeño, adúláwọ̀ tó ń fi kẹ̀kẹ́ rin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tún un gùn. Kò sí ìwé àforíjì ìjọba kankan tó mọ̀ pé yanrìn Nebraska ń gbé táyà mì. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n. Wọn ì bá má mọ ibi tí wọ́n máa gbà bí kì í bá ṣe pé Moss kọ ìwé, tí Boos náà sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Láìsí ọmọ ọdún 19 yẹn àti gègé rẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n ti sùn ì bá ti di igbó.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ̀ sílé. Àwọn bàbá wa tó lọ sí ogun Bómà, lójú ogun Hítílà, kò gun kẹ̀kẹ́. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Ìpín ọmọ ogun 81, tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ àfonífojì Kaladan láìní ọkọ̀, bàálù ń ju oúnjẹ sí wọn láti òkè. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ la ọ̀nà nínú igbó òkè, bí 75 máìlì, tí ọkọ̀ jíìpù lè gbà. Wọ́n pè é ní West African Way. Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́, ọ̀nà tí ọmọ wa fi ọkọ́ àti àáké là nílẹ̀ àjèjì nìyẹn, mélòó nínú wa ló gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ológun lọ́mọ ọdún 16. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fún un. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944, àwọn ọmọ ogun Japan yìnbọn sí ikọ̀ wọn létí odò Kaladan, egungun itan rẹ̀ ọ̀tún fọ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fara pamọ́ nínú igbó fún oṣù mẹ́sàn-án. Mùsùlùmí ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń bọ́ wọn, nígbà tó sì yá ó gbà wọ́n sílé, bí àwọn ọ̀tá ṣe ń rìn káàkiri. Fadoyebo bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gún régé mọ́, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kú ní 2012. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Òun gan-an ni Moss, òun náà ni Boos. Nítorí rẹ̀ la fi mọ abúlé, odò àti orúkọ ẹni tó gbé abọ́ ìrẹsì wá.

A ò lè gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kaladan lónìí. Ogun ń jà nílẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Ẹmùré-Ilé wà, ó sì ní ọ̀nà. Òrè náà wà, níbi tí ogun abẹ́lé dé ní 1967 tí ọ̀rọ̀ fi di “ó le kú, ìjà Òrè” lẹ́nu àwa Yorùbá títí dòní. Gbogbo ẹni tó ń pa òwe yẹn, tí a bá ní kó fi ìka han ibi tí ìjà náà ti wáyé, kò mọ̀ ọ́n. Èmi ò sì fara mọ́ ọn pé kí àwọn ọ̀dọ́ gba títì márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin lórí kẹ̀kẹ́. Tírélà ibẹ̀ kì í wo oníkẹ̀kẹ́ lójú. Ọ̀nà inú ló yẹ kí wọ́n gbà, láti Ọ̀wọ̀ wá, kí wọ́n sì máa dúró ní ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a nílò kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ táyà ni ohun tí Boos ní: orúkọ ibi. Ẹ̀yin bàbá wa tó ja ogun 1967 sí 1970, tó jókòó síbí yìí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Odò wo lẹ rìn kọjá? Abúlé wo lẹ sùn sí? Ta ló fún yín lómi, ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ yín? A ò ní kí ẹ sọ ohun tó nira fún yín láti sọ. Ọ̀dọ́ oníkẹ̀kẹ́ méjì wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, alága sì ti gbà pé kí a lo àkókò ìbéèrè fún èyí dípò kí ẹ máa bi èmi. Tí ẹ bá ti gbàgbé orúkọ ibì kan, ẹ sọ ìlú tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, a óò wá a rí láàárín méjèèjì.